Wíwọn èérún àti kòkòrò àìfojúrí tí ènìyàn ń mí sínú nínú ilé

Wíwọn ohun tí ènìyàn ń mí sínú ni iṣẹ́ tí a fi ń mọ iye eruku, èéfín, ebu àti bakitéríà tó dé imú ẹnì kan láàárín àkókò kan. Ẹni náà ni à ń wọ̀n, kì í ṣe yàrá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ kọ́là aṣọ tàbí èjìká, kí ó má jìnnà ju nǹkan bí 30 cm lọ sí imú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1990, ní ìlú Riverside ní California, ìwádìí PTEAM gbé ẹ̀rọ kọ́ ènìyàn 178 lára. Lójú ọ̀sán, PM10 (èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 10 µm lọ; µm ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà) tí wọ́n ń mí sínú jẹ́ nǹkan bí 150 µg/m³ (µg ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù, nínú 1 m³ afẹ́fẹ́), nígbà tí ẹ̀rọ tó dúró sínú ilé wọn àti èyí tó wà níta ń fi nǹkan bí 95 hàn. Ẹni tó ń rìn, tó ń gbálẹ̀, tó ń tẹ́ ibùsùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń ru eruku sókè sí imú ara rẹ̀.

PM2.5 ni èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 2.5 µm lọ, òun ló sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ní 2021 pé kí PM2.5 má ju 5 µg/m³ lọ ní ìpíndọ́gba ọdún, kó má sì ju 15 lọ láàárín wákàtí 24.

Asẹ́ àti pọ́ǹpù

Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì, tí a dè mọ́ ìgbànú, máa ń fa afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà. Lẹ́nu rọ́bà ni cyclone wà, tí ń fi yíyí afẹ́fẹ́ ju èérún ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó kéré á lọ lẹ̀ mọ́ asẹ́. Cyclone kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìṣàn tirẹ̀. Bí ìṣàn bá lọ sílẹ̀, èérún ńlá á bá tíńtín wọlé, àbájáde á sì ga ju òótọ́ lọ.

Kí a tó lo asẹ́, a ó fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 nínú yàrá tó wà ní 20 sí 23°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 30 sí 40%, kí a tó gbé e lórí òṣùwọ̀n tó lè rí 1 µg. Bákan náà la ó ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Asẹ́ mìíràn tí a kò fa afẹ́fẹ́ gbà gbọ́dọ̀ bá a lọ, kó sì bá a bọ̀. Ohun tó bá lé lórí ìwọ̀n asẹ́ kejì yìí la ó yọ kúrò nínú ti asẹ́ tí a lò. A ó wọn ìṣàn ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ìyàtọ̀ bá ju 5% lọ, wọ́n sábà máa ń da àbájáde náà nù.

Bí pọ́ǹpù bá ń fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan fún wákàtí 24, afẹ́fẹ́ náà jẹ́ 2.88 m³. Bí asẹ́ bá fi 288 µg wúwo sí i, 100 µg/m³ ni ẹni náà mí sínú.

Níbi ìdáná igi, asẹ́ máa ń tètè dí, ìṣàn á sì já. Àmọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ariwo pọ́ǹpù sú ẹni tó gbé e, ó bọ́ ọ sórí tábìlì, a sì wá ń wọn tábìlì. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ní ohun tí ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn, èyí tó ń tú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, ìwádìí kan gba aboyún 324 tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná, ó fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ethanol (ọtí tí a fi ń dáná). Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí a bọ́ sílẹ̀ lè mú kí sítóòfù méjèèjì dà bí ọ̀kan náà.

Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka èérún ń fi ìyípadà ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú hàn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá pọ̀, èérún á fa omi mu, á wú, ẹ̀rọ á sì ka àkàjù. Eruku ọyẹ́ tó nípọn ńkọ́? Ó sábà máa ń ka ìyẹn dín. A gbọ́dọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ níbi tí a ti fẹ́ lò ó gan-an.

Kòkòrò àìfojúrí

Ẹ̀rọ Andersen, tí a fi ń kó kòkòrò àìfojúrí inú afẹ́fẹ́, tó jáde ní 1958, ní ìpele mẹ́fà, ihò 400 ló sì wà lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó ń fa lítà 28.3 ní ìṣẹ́jú kan, èérún á sì máa gbá lu agar (oúnjẹ dídì inú àwo tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀) tó wà lábẹ́ ihò. Ìpele òkè ń mú èyí tó ju 7 µm lọ; ti ìsàlẹ̀ pátápátá ń mú nǹkan bí 0.65 µm. Ní ìṣẹ́jú 5, lítà 141.5 ti kọjá: bí ìṣùpọ̀ kòkòrò 40 bá hù lórí agar, ó jẹ́ nǹkan bí 283 nínú 1 m³. Ìṣùpọ̀ kan lè ti ara kòkòrò púpọ̀ tó gba ihò kan náà kọjá hù, nítorí náà àtẹ iye kan wà tí a fi ń ṣàtúnṣe rẹ̀. Bí gbogbo ihò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, àwo náà kò wúlò mọ́. Bí agar bá gbẹ, èérún á ta padà, kòkòrò á sì kú.

Ìṣẹ́jú 5 kò lè dúró fún odidi ọjọ́. Fún ti ara ẹni, asẹ́ orí èjìká kan náà la ó lò, a ó sì ka DNA tó wà lórí rẹ̀. Èyí ń ka òkú àti ààyè pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé agar kì í hu ju díẹ̀ nínú ohun tó wà lọ.

Ṣíṣí àwo agar sílẹ̀ lórí tábìlì kò tó. Irúgbìn ebu tó fẹ̀ tó 3 µm kì í já ju nǹkan bí mítà 1 lọ ní wákàtí kan, èyí tó tóbi nìkan ló sì máa ń tètè bọ́ sínú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè sọ iye náà di ti 1 m³.

Ebu inú ilé la máa ń fi wé ti ìta ọjọ́ kan náà. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti 2009 lórí ilé tó ń rin omi, WHO kò gbé iye kankan kalẹ̀ fún ebu inú afẹ́fẹ́. Ohun tó ní kí a ṣe ni kí a mú ọ̀rinrin kúrò, kí a sì pa ebu run.