Kí ẹ tó mu ayahuasca, ẹ kọ́kọ́ tú báàgì oògùn yín wò

Ìbéèrè nípa ayahuasca kò wọ́n lọ́dọ̀ àwa apòògùn mọ́, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Wọ́n á béèrè irú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, wọ́n á béèrè bóyá wọ́n máa rí òkú ọ̀run. Oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ àfi tí mo bá bi wọ́n.

Àgbo kan ni, tí àwọn ẹ̀yà inú igbó Amazon ń sè ní Peru, Brazil àti àyíká wọn. Wọ́n á lu ìtàkùn kan, wọ́n á pò ó mọ́ ewé chacruna, wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí á fi ki. Inú ewé yẹn ni DMT wà, òun ló ń mú kéèyàn rí ìran. Àmọ́ ẹni tó bá mu omi ewé náà lásán kò ní rí nǹkan kan, torí énsáìmù kan wà nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀ tó ń ba DMT jẹ́ kó tó ríbi lọ. Ìtàkùn yẹn ló ń so énsáìmù náà lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé. Énsáìmù kan náà ló ń palẹ̀ serotonin, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, mọ́ lára wa. Ẹni tó ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi sertraline tàbí fluoxetine, tó wá mu àgbo yìí lé e, serotonin lè kún àkúnya lára rẹ̀: á máa làágùn, á máa gbọ̀n, iṣan á le gbagidi, ara á gbóná, gìrì lè mú un. Ó lè pa èèyàn. Tramadol, tí àwa kan ń gbé mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà nítorí ẹ̀yìn ríro, wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Oògùn ikọ́ tó ní dextromethorphan náà kò gbẹ́yìn.

“Mo ti dá a dúró láti ọjọ́ Mọ́ńdè” kò tó o. Fluoxetine máa ń pẹ́ lára; nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 ni wọ́n máa ń kà kó tó ṣeé fọkàn sí pé ó ti lọ. Ẹ má sì tìtorí ìrìn àjò dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ bá dókítà tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá ní kò ṣeé dá dúró, ẹ jókòó sílé.

Àgbo yìí tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kí àyà sì máa sáré. Èyí tó le jù fún wa ni ti ọpọlọ, torí a kì í sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín tí wọ́n ní “wọ́n ṣe é” nígbà tó wà ní yunifásítì, tí kò ráyè parí ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ pe àwọn àgbà ilé kí ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa. Ẹni tí irú àìsàn yẹn bá wà nínú ẹbí rẹ̀, má dán an wò.

Ibùdó tí wọ́n ti ń fún àlejò ní àgbo yìí mu, tó bá gbowó yín kó tó béèrè nípa ìlera yín, ẹ sá fún un. Ẹ bi wọ́n: ta ni kò ní mu nínú wọn lóru ọjọ́ náà? Báwo ni ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó? Ṣé ẹ ń fi toé sí i? Ìbátan gegemu ni toé, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí gegemu ń ṣe. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má dá lọ: wọ́n ti fipá bá àwọn àlejò kan lò pọ̀ ní Peru níbi tí àgbo ti gbé wọn lọ.

Ohun àjogúnbá ìlú ni ayahuasca ní Peru láti 2008, àmọ́ oògùn olóró ni DMT lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má di ìgò kankan bọ̀ wálé.

Iboga, egbò igi kan tí wọ́n ń jẹ ní Gabon láti fi rí ìran, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Ọkàn ló ń bá jà, ó lè mú kó máa lù ségesège títí á fi dákẹ́. Ẹni tí kò tíì ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣojú tì. Ẹ sọ fún dókítà ohun tí ẹ mu, aago tí ẹ mu ún, àti gbogbo oògùn tí ẹ ti lò láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.