Kí ni àtẹ̀bò? Orí Catherine lórí orí Peter

Ẹ rántí wàláà ọmọ ilé-kéú. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ súrà mìíràn sí i, ṣùgbọ́n tàdáwà àná kì í ṣí tán. Ẹ gbé e sí oòrùn, ẹ ó rí i tó ń yọjú lábẹ́ tòní. Nǹkan tí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń pè ní overstrike nìyẹn. Àtẹ̀bò ni èmi ń pè é: owó tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá fi òǹtẹ̀ tuntun tẹ̀ lórí láì yọ́ ọ.

Rúbù fàdákà ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ọdún 1762 dára púpọ̀ láti fi mọ̀ ọ́n. Peter Kẹta gorí ìtẹ́, wọ́n tẹ orí rẹ̀ sára owó. Kò lò tó oṣù méje tí Catherine, ìyàwó rẹ̀, fi gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Rúbù ọkọ wọn gíráàmù 24, ojúlówó fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 18. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ìyàwó. Kí wá ni ti fífi èédú ṣòfò láti yọ́ ọ? Wọ́n kó púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sábẹ́ òǹtẹ̀, orí ìyàwó sì bo orí ọkọ.

Ibi tó dùn jù nìyí. Lára rúbù Catherine, II ló tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀, torí Kejì ni. Ti Peter, III ni. Bí òǹtẹ̀ kejì kò bá jinlẹ̀ tó, ẹ fi awò wo etí owó náà: ẹ lè rí igi kan tó ṣẹ́ kù, tàbí ààbọ̀ lẹ́tà tí kò bá ọ̀rọ̀ kankan lọ, tàbí ìlà kan tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọbabìnrin kọjá tí kì í ṣe irun.

Ẹ má kà á mọ́ owó tó yẹ̀ lábẹ́ òǹtẹ̀ kan náà tó fi gba ìlù lẹ́ẹ̀mejì o. Imú méjì ni ìyẹn máa ń ní, ẹnì kan náà ló sì ni méjèèjì. Bí owó bá ha, ìlà rẹ̀ á wọnú fàdákà lọ. Òjìji owó àkọ́kọ́ lára àtẹ̀bò sábà máa ń ga díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọba nìdí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ní 1741, ní Rọ́ṣíà kan náà, Elizabeth gbàjọba lọ́wọ́ Ivan Kẹfà, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kó owó tó ní orí ọmọ náà wá fún àtúntẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó Ivan fi ṣọ̀wọ́n títí dòní.

Bí ẹ bá rí àtẹ̀bò rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dúdú rẹ̀ sílẹ̀. Àárín dúdú yẹn ni ìlà tó kù ti ń hàn. Ẹni tó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín sí i, orí Peter ló ń fọ̀ dànù.