Abẹ́ Olúmọ Ni Wọ́n Ti Kọ́kọ́ Ní Kí Ìjọba Wá Ṣírò Owó: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìgbìmọ̀ Ìwádìí

Bí owó ìlú bá pòórá, tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, tí a wá bi àwọn lọ́yà wa léèrè ibi tí àṣà náà ti wá, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á ní òyìnbó ló gbé e dé, pé 1921 ni wọ́n ṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lágbára láti pe ẹlẹ́rìí kó sì mú un búra. Òótọ́ ni ti òfin yẹn. Ṣùgbọ́n kí ìlú jókòó, kí wọ́n pe ẹni tí owó wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n ní kó rojọ́ lójú gbogbo ayé, ìyẹn ti wà lọ́dọ̀ àwa Ẹ̀gbá tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, kó fara balẹ̀ ka èyí tán ná.

Inú igbó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Abẹ́òkúta kò tíì sí. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìlú kéékèèké ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì wà. Aláàfin a máa rán ìlàrí sí wọn láti gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìlàrí yìí, tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀ tí wọ́n dá apá kan sí, òun ni ojú ọba, òun ni ẹnu ọba, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn ju ti ọba lọ. Ohun tí Aláàfin ní kó gbà ń bẹ nínú ohun tó ń gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ewúrẹ́ tó bá wù ú, ó di tirẹ̀. Iṣu tó bá rí lóko olóko, wọ́n á wà á.

Nígbà náà ni Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà dá ẹgbẹ́ àárọ̀ sílẹ̀. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ló mọ apá tó kẹ́yìn nínú ìtàn yìí, pé ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ oko ló di ẹgbẹ́ ogun, pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sí ìlàrí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí àwọn òpìtàn kan sì sọ pé àwọn tó kú lé ní 600. Apá tó ṣáájú ni ẹnikẹ́ni kì í wò, òun gan-an ló sì ṣe kókó. Ẹ rántí bí àárọ̀ ṣe ń lọ. Lónìí a ro oko tèmi, lọ́la a ro ti Òjó, lọ́túnla a ro ti Àkàndé. Kò lè lọ déédéé láìsí ìṣirò. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ti san iṣẹ́ àti ẹni tó ṣì jẹ iṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ iṣẹ́ tí kò san án, wọ́n á bá a sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, ní àárín oko, nígbà tí wọ́n bá jókòó sí abẹ́ igi láti jẹun. Èmi gbà pé níbi ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka ohun tí ìlàrí gbà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì rí i pé àròpọ̀ rẹ̀ ju ìṣákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ fíìfíì. Ẹni tí kò tíì ka ohun tó sọnù kì í mọ bó ṣe yẹ kó bínú tó. Fún ìdí èyí, ojú ayẹ̀wéowówò àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ yìí ní ni mo fi ń wo Lísàbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé nílẹ̀ tí yóò yẹ̀ wò.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ á ní Ọ̀yọ́mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà Ọ̀yọ́, ti ń dá ọba lẹ́kun ṣáájú èyí, pé wọ́n lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún Aláàfin kó lọ pa ara rẹ̀. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ìjìyà nìyẹn, kì í ṣe ìwádìí. Ta ló bi Aláàfin ní ìbéèrè? Ta ló gbọ́ èsì rẹ̀?

Ẹgbẹ́ àárọ̀ ni orísun àkọ́kọ́ àṣà yìí; èkejì ni ilé Ògbóni. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé Ògbóni tirẹ̀ dání, ìyẹn ló sì fà á tí ẹ fi lè rìn lónìí láti Ìtokò dé Ìjẹmọ̀, láti Ìjẹmọ̀ dé Ìgbẹ̀yìn, kí ẹ máa bá ilé Ògbóni pàdé ní àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba kì í dá ìlú ṣe lọ́dọ̀ wa. Ológun ló ń jagun, Pàràkòyí ló ń bójú tó òwò àti ọjà, Ògbóni ló ń dájọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti ń rùn, Apènà, olóyè tó ń pe ìjókòó Ògbóni, á ránṣẹ́ ẹdan, ère idẹ tó jẹ́ àmì àṣẹ wọn. Ẹni tí ẹdan bá dé ilé rẹ̀ kì í sọ pé òun ń lọ gba ìtọ́jú lókè òkun. Ó gbọ́dọ̀ jáde, ìbáà ṣe olóyè. Takọ-tabo ni ẹdan, Erelú, obìnrin olóyè nínú Ògbóni, sì ń jókòó láàárín àwọn àgbà ọkùnrin. Ẹ fi ti Erelú yìí sọ́kàn, a óò dé ibẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ilé awo tí ògbẹ̀rì kì í wọ̀, báwo ló ṣe di ìwádìí gbangba? Ìbéèrè náà dára. Ìfikùnlukùn wọn ló wà ní kọ̀rọ̀, ìdájọ́ wọn kò sí ní kọ̀rọ̀. Ìlú á gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sì gbà pé Ògbóni fúnra wọn kì í ṣe áńgẹ́lì. Owó ìtanràn ni wọ́n ń jẹ, adájọ́ tó bá sì ń jẹ nínú ìtanràn á máa rí ẹ̀bi níbi tí kò sí. Àbùkù yẹn wà nínú gbòǹgbò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé dé. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Aké, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ohun tí a ń pè ní Nàìjíríà báyìí, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ní 1865, G.W. Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sì gbìyànjú láti máa gba owó ibodè sínú ìwé dípò kó máa wọ àpò olóyè. Kò tọ́jọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ifọ́lé, rògbòdìyàn tí wọ́n ti fọ́ ilé ìjọsìn, lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò nílùú, ìwé ìròyìn náà sì kógbá sílé.

Ìgbà tí Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀, láti 1898 títí di 1914, ni ọ̀rọ̀ wá gbóná. Adégbóyèga Ẹdun ni akọ̀wé ìjọba náà, agbára ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àgbàlagbà olóyè kan láti Ìjẹmọ̀, Ṣóbìyí Pọnládé, kú sí àtìmọ́lé, àwọn ará Ìjẹmọ̀ ní àfi kí Ẹdun lọ. Sójà ló dá wọn lóhùn. Oṣù kẹjọ 1914 ni wọ́n yìnbọn fún wọn, Olúwo Ìjẹmọ̀, olórí Ògbóni wọn, sì wà lára àwọn tó kú. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, òmìnira Ẹ̀gbá ti lọ. Ìyẹn ni iye tí ìlú san nítorí pé ó béèrè.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó orí tuntun, wọ́n sì tú ojú irin. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí wá sí Abẹ́òkúta. Àwọn èèyàn bọ́ síwájú wọn, wọ́n rò fún wọn nípa iṣẹ́ tipátipá tí a kì í sanwó rẹ̀, nípa ìtanràn àti owó orí. Èyí ni ìgbà tí òfin òyìnbó àti ìṣe Ẹ̀gbá kọ́kọ́ pàdé dáadáa, ó sì dùn mí pé ìwé àwọn lọ́yà kì í fún un ju ìlà kan lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ọjọ́ ìbí ìgbìmọ̀ ìwádìí ní Nàìjíríà, èmi kò ní mú 1918. Oṣù kọkànlá 1947 ni màá mú. Láti ìgbà owó orí yẹn ni obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san tiwọn lọ́tọ̀: ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ̀ ọ́, ọmọkùnrin á dúró di 16. Àwọn agbowó-orí ń bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò bóyá ó ti dàgbà tó. Wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn alájàpá lọ́fẹ̀ẹ́. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tó ti ń kọ́ àwọn ìyálọ́jà ní ìwé kíkà, sọ ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì doríkọ ààfin Aké. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ló wà lórí oyè, òun nìkan sì ni ìjọba gbé àṣẹ ìbílẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sun iwájú ààfin mọ́jú. Orin ni wọ́n fi ń bọ́ àṣẹ náà láṣọ, wọ́n ń kọ èyí tí ẹnu ọkùnrin kò lè tún sọ.

Ẹ wo ohun tí wọ́n béèrè. Wọ́n ní kí owó orí obìnrin dópin, lóòótọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó dípò tiwọn. Wọ́n sì gbé ẹ̀sùn owó ìlú kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, pé ta ló gbà á, kí ló fi ṣe? Ògbóni tó kọ́kọ́ ń wò láti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà ní 1948, wọ́n dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ rí i bí Erelú ṣe jáde kúrò nínú ilé awo wá sí gbàgede? Owó orí obìnrin dúró lọ́dún náà, Aláké kúrò nílùú, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ó padà wá ní ìparí 1950, nítorí Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n bínú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbàgbé. Èkó á máa fi ìwádìí Bernard Storey lórí ìgbìmọ̀ ìlú wọn yangàn. Ọ̀rọ̀ 1952 sí 1953 nìyẹn, àbúrò ni.

Èyí tó kù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní 1956 wọ́n wádìí Azikiwe lórí báǹkì kan. Ní 1961, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ tú ìkòkò Báǹkì Nàṣọ́nà, Doherty pe Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké kan náà, jẹ́ olórí rẹ̀ sì fagi lé apá kan òfin ìwádìí, pàápàá ibi tó ní ìgbìmọ̀ lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Ní 1962, Adájọ́ Coker wádìí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ó dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, ó dá Akíntọ́lá láre. Ẹ̀tanú òṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí. Ní 1980, Adájọ́ Irikefe wá bílíọ̀nù 2.8 náírà owó epo, ó ní kò sọnù. Ní 1994, Okigbo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, rí i pé owó tó lé ní bílíọ̀nù 12 dọ́là ti gba àwọn àkáǹtì àrà ọ̀tọ̀ kọjá, ó kọ àbọ̀ rẹ̀ fún ìjọba ológun, ìjọba kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọ Abẹ́òkúta, Ọbásanjọ́, ló buwọ́ lu òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ní 2000.

Ibi tí agbára ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti já ni 2003. Nínú ẹjọ́ agbẹjọ́rò Fawehinmi àti Babangida, olórí ìjọba ológun tẹ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní òfin ìgbìmọ̀ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ kò kọjá Àbújá, pé ìpínlẹ̀ ló ni agbára náà nílẹ̀ tirẹ̀. Àwọn kan sunkún lọ́jọ́ yẹn. Èmi kò sunkún, nítorí ó dá ọ̀rọ̀ padà sí ibi tó ti ṣẹ̀. Ìṣòro ni pé nínú òfin ti ìpínlẹ̀, gómìnà ló ń yan ìgbìmọ̀, gómìnà ló ń gba àbọ̀, gómìnà náà ló ń pinnu èyí tí yóò gbà nínú rẹ̀. Bí ẹni ní kí ológbò ka ẹja tó kù nínú ìkòkò. Abala 128 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti wádìí kí wọ́n sì tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni wọ́n ń lò ó sí gómìnà tó ṣì wà lórí àga?

Bí àwọn tó wà ní Òkè-Mòsán, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, bá fẹ́, wọn kò nílò òfin tuntun gígùn. Kí wọ́n fi kún èyí tó wà nílẹ̀ pé gbangba ni ìjókòó gbọ́dọ̀ wà, ayẹ̀wéowówò tí kò sí lábẹ́ gómìnà gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú adájọ́, òṣìṣẹ́ tó bá jẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, odindi àbọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ di títẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ìbáà dùn mọ́ gómìnà, ìbáà má dùn mọ́ ọn.