Bí wíwọ́ ara ẹṣin ṣe ń ṣiṣẹ́

Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nísàlẹ̀ ọrùn ènìyàn tó so èjìká mọ́ àyà. Ẹṣin kò ní in. Kò sí oríkèé kankan tó so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ ìyókù egungun ara. Ẹran ara ló gbé àyà rẹ̀ kọ́ sáàárín èjìká méjèèjì, bí ọ̀já ṣe ń gbé ọmọ sẹ́yìn ìyá. Ẹṣin ńlá lè wọn nǹkan bí 500 kìlò, ó sì tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń gbé kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún rárá. Ẹṣin tó ń jó n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọ̀já yìí ló fi ń gbé ara rẹ̀ àti ẹni tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ẹni tó ń wọ́ ara ẹṣin, ìyẹn ẹni tó ń fi ọwọ́ ra á tó sì ń tẹ̀ ẹ́ kí ara rẹ̀ lè dẹ̀, fi máa ń pẹ́ láàárín èjìká.

Ojú ló ń ṣáájú ọwọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fa ẹṣin náà rìn lórí ilẹ̀ líle, kí wọ́n lè wò ó bóyá ìṣísẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ á rọra lọ láti ẹ̀yìn etí dé ìdí, tí yóò máa wá ibi tó gbóná, ibi tó le àti ibi tí awọ ti ń gbọ̀n.

Ìdí gọ̀gọ̀, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin máa ń fi eyín họ fún ara wọn. Ní 1993, Claudia Feh àti Jeanne de Mazières gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ẹṣin Camargue nílẹ̀ Faransé: bí wọ́n bá họ ibẹ̀, lílù ọkàn ẹṣin a dín kù. Ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà kì í dẹ ara, nítorí náà ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí ni ìdajì iṣẹ́.

Àtẹ́lẹwọ́ á wá máa fà gbọọrọ síhà ọkàn títí ara á fi móoru. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa pò ó, tí wọ́n á fi ìkúùkù tẹ ibi tó nípọn. Bí wọ́n bá kan kókó tó le bí ẹ̀bà àná, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á dúró. Ẹṣin á fèsì fúnra rẹ̀: ìpéǹpéjú á wálẹ̀ díẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ á rọ̀, yóò máa lá ẹnu, tàbí kí ó yán gbàgà. Bí ó bá di etí sẹ́yìn, tó ń ju ìrù, ọwọ́ ti wúwo jù nìyẹn. Láti orúnkún ẹsẹ̀ iwájú wá sílẹ̀, iṣan àti egungun ló kù, ọwọ́ kì í tẹ ibẹ̀.

Àwọn kan ní wíwọ́ ń fọ ásíìdì tí ẹran ara ń mú jáde nígbà eré sísá kúrò lára. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kó ìyẹn lọ láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni pé kí ẹran ara tó há lè nà, kí ìrora fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí olùtọ́jú sì tètè mọ ibi tó ń dun ẹṣin.

Ibà, ọgbẹ́ tuntun, ara wíwú: ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan wọ́n. Ẹṣin tí ara rẹ̀ gan gbagidi lẹ́yìn eré, tó ń làágùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí, ẹran ara rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Kí wọ́n má ṣe wọ́ ọ, kí wọ́n má fà á rìn, kí wọ́n sáré pe dókítà ẹranko.

Bí ọwọ́ bá sì ń bá kókó kan náà níbì kan náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, gàárì ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n á tú u nígbà tí ẹṣin bá ti làágùn, wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀: ibi kékeré tó gbẹ láàárín òógùn lè jẹ́ ibi tí gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Bó bá pẹ́, irun funfun á hù níbẹ̀ lára ẹṣin dúdú, kì í sì í sábà padà dúdú mọ́.