Ṣé ẹni tó ti sẹ́ Jésù ṣì lè padà?

Ohùn àwọn tó máa ń bi wá ní ìbéèrè yìí kì í ròkè: "Pásítọ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti pa ìgbàgbọ́ tì. Ṣé ìgbàlà mi ò ti bọ́ báyìí?" Hébérù orí 6, ẹsẹ 4 sí 6, ló sábà máa ń já wọn láyà, níbi tó ti sọ pé kò ṣeé ṣe láti tún mú ẹni tó tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò, tó sì ṣubú kúrò, wá sí ìrònúpìwàdà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti da ìjọ láàmú rí. Ní nǹkan bí ọdún 250, Decius, olú ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí tolórí tẹlẹ́mù rúbọ sí àwọn òrìṣà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí lé e. Ní Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, àwọn Kristẹni kan sáré lọ rúbọ kí ẹnikẹ́ni tó fipá mú wọn. Àwọn mìíràn ò rúbọ, owó ni wọ́n fi ra ìwé náà. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n fẹ́ padà.

Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, ní kí ìjọ má gbà wọ́n mọ́ láé. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, kò gbà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Lọ́dún 251 àwọn bíṣọ́ọ̀bù pinnu pé ẹni tó ra ìwé lè wọlé lẹ́yìn àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹni tó rúbọ yóò máa ronú pìwà dà títí di bèbè ikú. Nígbà tó yá tí inúnibíni mìíràn fẹ́ dé, wọ́n gba gbogbo àwọn tó ń ronú pìwà dà. Ọ̀dọ̀ Cyprian ni èmi fara mọ́. Ṣebí Pétérù náà sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, Jésù sì tún fi àgùntàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi á ní ẹni tó lọ pátápátá kò fìgbà kan jẹ́ ti Kristi. Jòhánù 10:28, níbi tí Jésù ti ní àwọn àgùntàn òun kì yóò ṣègbé láé, ni wọ́n dìrọ̀ mọ́. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì, tó gba ẹ̀kọ́ John Wesley, á ní ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ Hébérù kì í ṣe ẹ̀rù lásán: ẹni tó mọ Kristi, tó wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí kò sì fẹ́ padà mọ́, ló ń bá wí. Ẹni tó ń fi omijé béèrè bóyá òun ṣì lè padà kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ara yín bá yá gágá kí ẹ tó jẹ́wọ́. Ẹ lọ rí olùṣọ́-àgùntàn yín lọ́sẹ̀ yìí.

Bó bá sì jẹ́ ọmọ yín ló lọ, ẹ má fi Hébérù 6 nà án lẹ́gba. Ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa gbàdúrà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ ẹni tó lè pè nínú ìjọ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ padà.