Àwọn abúlé àti àfonífojì àyíká Adó-Àwáyè

Àwọn abúlé àti àfonífojì àyíká Adó-Àwáyè ni àwọn ìletò, abà, ahoro àti ilẹ̀ etídò tó wà káàkiri ẹsẹ̀ òkè àpáta ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Ọ̀yọ́, láàárín Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti ilẹ̀ Ìbàràpá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Adó-Àwáyè ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn, nítorí òkè rẹ̀ àti adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí òkè náà. Ọ̀pọ̀ àlejò á gun òkè láàárọ̀, wọn á ya fọ́tò, wọn á sì ti padà sọ́nà Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ìtàn tó sọ orí àpáta di ibùgbé ènìyàn kò sí lórí àpáta nìkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ní àwọn ibi tí àlejò kì í dúró sí.

Ilẹ̀ àti omi

Àpáta ògbólógbòó ló wà lábẹ́ gbogbo agbègbè yìí, gíránáìtì àti àwọn irú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Níbi tí àpáta ti le, òjò àti afẹ́fẹ́ kò rí i jẹ. Ilẹ̀ tó yí i ká ni wọ́n ń gbá lọ díẹ̀díẹ̀, títí àpáta fi dá dúró gedegbe láàárín pápá. Awọ òde rẹ̀ ń bó ní ìpele-ìpele bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdí nìyẹn tí orí ọ̀pọ̀ òkè ibẹ̀ fi rí rogodo tó sì mọ́ láìní igi.

Omi òjò kì í rọrùn láti rì sínú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ tí ó ń rì sínú ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè, tí ó sì tún ń sun jáde níwájú ní ìsun kéékèèké. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí pápá ti gbẹ tán, ilẹ̀ àyíká àwọn ìsun wọ̀nyí ṣì máa ń tutù. Àkùrọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́, ilá, ata àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí abúlé kan fi wà níbi tó wà, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ni kó kọ́kọ́ béèrè.

Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì máa ń dá ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ọyẹ́ ló tẹ̀ lé e. Pápá ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú igi ẹmì, igi igbá tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, àti oṣè níbi tí ìlú àtijọ́ ti wà. Igbó tó dí kò sí àfi ní etí omi. Odò Ògùn ni olórí odò agbègbè náà. Nítòsí Ṣakí ló ti sun, ó gba Òkè-Ògùn kọjá sí gúúsù dé Abẹ́òkúta, ó sì wọ inú ọ̀sà ní Èkó. Odò Ọ̀fíkì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀.

Òkè Adó

Adó-Àwáyè wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Aládó ni oyè ọba rẹ̀, ìtàn ìlú náà sì so ó mọ́ ìdílé ọba Ọ̀yọ́. Orí òkè ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Àmì ibùgbé àtijọ́ wọn ṣì wà lókè. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe fún àlejò jẹ́ 369. Lórí òkè ni àpáta Iṣàgẹ̀ wà, tó dúró lórí àpáta mìíràn bíi pé yóò yí lulẹ̀, àti Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, tí í ṣe ihò kéékèèké lójú àpáta tí omi ń dúró sí. Ìyàkẹ́ ni àwọn ará ìlú ń bọ̀wọ̀ fún jù lọ, àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ sì máa ń lọ tọrọ níbẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé adágún orí òkè méjì péré ló wà láyé, pé Ìyàkẹ́ ni ọ̀kan, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà mú kí òkìkí ìlú kàn, àmọ́ kò tọ̀nà, nítorí adágún orí òkè wà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Èyí tó wà ní Colorado kò tilẹ̀ jọ Ìyàkẹ́ ní ìṣẹ̀dá: odò kékeré ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀, èròjà òkúta tí omi náà ń kó bọ̀ ló sì mọ bèbè rẹ̀. Inú kòtò ojú àpáta ni ti Ìyàkẹ́ wà, lórí òkè tí kò sí odò kankan tó ń ṣàn gun ún. Kò nílò àfiwé kankan kó tó jẹ́ ohun ìyanu.

Òṣoògùn

Nínú gbogbo abúlé tó wà ní agbègbè yìí, Òṣoògùn ni ìtàn rẹ̀ rìn jìnnà jù, òun náà sì wà lára àwọn tí àlejò kì í yà sí. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn kan náà ni òun àti Adó-Àwáyè wà. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809, ọmọ ahunṣọ, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther.

Nínú lẹ́tà tí Crowther kọ lọ́dún 1837 ni ìròyìn tó kún jù nípa Òṣoògùn wà. Ó fojú bù ú pé nǹkan bí ẹgbàá mẹ́fà ènìyàn ló ń gbé ìlú náà, pé ó tó kó ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọkùnrin jọ fún ogun. Ọgbà ni wọ́n fi yí ìlú ká, bodè mẹ́fà ló ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, àwọn ogun tó ti ń kó ìlú káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ dé. Àwọn kan lára àwọn ọkùnrin ìlú kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ọgbà sì ti dẹ̀ níbi púpọ̀. Lẹ́yìn ìjà wákàtí mélòó kan, ogun wọlé. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé láti sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ náà rí i nìyẹn. Wọ́n mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ nínú igbó, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì kó wọn gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Ó tún padà rí Àfàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ oyè náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ lé lórí jáde lódindi ní 1884. Ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ tí Yorùbá àkọsílẹ̀ dúró lé lórí jù lọ, irú èyí tí wọ́n ń sọ ní ilé àti oko agbègbè yìí ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mọ ọ̀nà Òṣoògùn ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lónìí lọ.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tí igi yí ká ni Òṣoògùn wà, ọgbà rẹ̀ nìkan ni ààbò rẹ̀. Èyí ni kì í jẹ́ kí àbẹ̀wò sí òkè Adó pé láìdé abúlé yìí: níbẹ̀ ni ènìyàn ti rí ohun tí àwọn tó gun àpáta ń sá fún. Ahoro bí èyí tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi sílẹ̀ pọ̀ nínú pápá náà, tí kò sí àmì mìíràn lórí wọn ju igi oṣè, ìkòkò fífọ́ àti orúkọ tí àwọn ọlọ́dẹ ṣì ń pè.

Òkèhò àti ahoro rẹ̀

Òkèhò, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà, wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìsẹ́yìn. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé ìletò mọ́kànlá ló kóra jọ, lára wọn ni Ìsìà, Olélé àti Gbọ̀njẹ̀, kí apá wọn lè ká àwọn ogun Fúlàní àti ti Dàhómì. Àárín òkè ni wọ́n jọ tẹ̀dó sí. Orúkọ àwọn ìletò náà ṣì wà lára àdúgbò ìlú títí di òní, Ońjò sì ni oyè ọba wọn.

Nígbà tí ogun tán, ìjọba òyìnbó dé. Ní 1916, ọ̀tẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó sì ràn dé Òkèhò. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fipá kó ènìyàn ṣe wà nínú rẹ̀, ti kóòtù ìbílẹ̀ tuntun wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára tí ìjọba ń gbé wọ Aláàfin lórí àwọn ìlú tó ti ń dá ọ̀rọ̀ ara wọn sọ. Aláàfin Ládìgbòlú Kìíní ló wà lórí ìtẹ́, Captain Ross sì ni olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀yọ́. Àwọn ọlọ́tẹ̀ pa Ońjò ní Òkèhò. Ìjọba kó ṣọ́jà dé, wọ́n sì pa àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀ náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1917, gbogbo ìlú kó kúrò lórí òkè wá sí ibi tí Òkèhò wà báyìí. Àwọn ará ìlú kò gbàgbé ọdún náà. Wọ́n ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ ní 2017. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Òkèhò Ahoro. Òkè tó ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun ló wá mú kí ó ṣòro fún ìjọba láti ṣọ́ wọn, ìdí nìyí tí ìṣíkiri 1917 fi yàtọ̀ sí bí àwọn ìlú mìíràn ṣe rọra ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá oko wọn.

Àfonífojì odò Ògùn

Ní ìlà-oòrùn àríwá Ìsẹ́yìn, odò Ògùn gba àárín òkè kan tó há kọjá ní Ìkèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìsédò ńlá lọ́dún 1983, nígbà ìjọba Shehu Shagari, lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Ó lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 690 mítà onígun mẹ́ta omi. Omi mímu, omi oko àti iná mànàmáná ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sé odò náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí kò sí iná kankan láti ibẹ̀, èyí tó jẹ́ àdánù gidi fún agbègbè tó ń fi òkùnkùn sùn létí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja ni wọ́n ti jèrè rẹ̀ jù. Ìletò wọn wà létí omi, ẹja tí wọ́n yan níbẹ̀ sì ń dé ọjà Ìsẹ́yìn.

Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ilẹ̀ Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́-Ilé bẹ̀rẹ̀, tí ààyè rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ẹfọ̀n àti oríṣiríṣi ẹtu wà nínú rẹ̀. Ẹnubodè kan wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Ìhà Ìbàràpá

Ọ̀nà tó gba Adó-Àwáyè lọ sí gúúsù yóò kan Lánlátẹ̀ àti Erúwà. Erúwà náà ní òkè tirẹ̀, Òkè Ọbasẹ̀kú, tí àwọn ará ìlú ti gbé rí. Ìdẹ̀rẹ̀, tó wà nítòsí Igbó-Ọrà, ni àwọn olùwádìí ìlera mọ̀ jù nítorí àrùn sòbìà, tó dá ènìyàn dùbúlẹ̀ níbẹ̀ títí di ẹ̀wádún 1980, lásìkò iṣẹ́ oko gan-an. Inú omi adágún tí wọ́n ń mu ni àrùn náà ti ń wá. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ìgbé ayé

Iṣu, gbágùúdá, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti kaṣú ni wọ́n ń gbìn. Tábà náà ti pẹ́ ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló nílé sí ìlú tí wọ́n sì ní abà lóko, nítorí náà abúlé tó dá páropáro lọ́jọ́ ọdún lè kún fọ́fọ́ nígbà ìkórè. Láàárín àwọn abà ni gáà àwọn Fúlàní wà, àwọn obìnrin wọn ló ń gbé wàrà wá sọ́jà. Aṣọ òfì ni iṣẹ́ ọwọ́ tó gbilẹ̀ jù: sányán, àlàárì àti ẹtù ti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń fi ṣàpọ́nlé láti Ìbàdàn dé Èkó, ìró òfì sì ń dún ní agboolé púpọ̀ níbẹ̀.

Àbẹ̀wò

Láti Ìbàdàn, ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún ṣe jẹ́ 65 kìlómítà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba Ọ̀yọ́ àti Fáṣọlá. Láti Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ èrò ń lọ sí àwọn ìlú ńlá. Ọ̀kadà ló ń wọ abà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún gígun òkè, nítorí àpáta tí òjò pa máa ń yọ̀. Ìgbà òjò ló sì dára jù fún ẹni tó fẹ́ rí ìsun àti àkùrọ̀. Ó dára kí ènìyàn wádìí lọ́wọ́ àwọn ará agbègbè nípa ààbò ọ̀nà kó tó wọ igbó, kó sì mú ẹni tó mọ̀nà dání. Ẹni tó bá wọ abúlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kó sọ ohun tó bá wá, kó tó ya fọ́tò. Àwọn ahoro kan ní ojúbọ nínú tí wọ́n kì í jẹ́ kí àlejò dé. Ilé ìtura wà ní Ìsẹ́yìn àti Òkèhò. Ní àwọn abúlé, ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú ní láti bá baálẹ̀ tàbí onílé kan sọ̀rọ̀ ṣáájú.