Bí Ìwé Àkọsílẹ̀ Àjùmọ̀ní Ṣe Di Olùṣọ́ Ẹ̀rọ Inú Ilé

Ní ọdún 1991, Stuart Haber àti W. Scott Stornetta, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bellcore, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè yí ọjọ́ tó wà lára ìwé inú kọ̀ǹpútà padà. Wọ́n so àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ọ̀kan, yóò hàn lára gbogbo èyí tó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1995, Surety, ilé-iṣẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àmì àwọn àkọsílẹ̀ náà sínú ìwé ìròyìn New York Times lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kéde ohun tó sọnù. Ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni lójú òǹkàwé, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ gba ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti rà á?

Nígbà tí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà, kalẹ̀ ní ọdún 2008, ó tọ́ka sí iṣẹ́ wọn, ó sì fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń pa ìwé kan náà mọ́ rọ́pò ìwé ìròyìn; ìwé àkọsílẹ̀ àjùmọ̀ní (blockchain) nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015 ni IBM àti Samsung gbé ADEPT jáde ní Las Vegas: ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń mọ̀ pé ọṣẹ òun ti ń tán, tó ń ra òmíràn fúnra rẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé àjùmọ̀ní. Lójú tèmi, àṣehàn pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi, bí ẹ̀rọ inú ilé ṣe lè máa dá ṣiṣẹ́ kí a sì lè fọkàn tán an, kì í ṣe eré.

Ọdún 2016 ló sọ ọ́ di kánjúkánjú. Mirai, ètò kọ̀ǹpútà aṣebi kan, wọ inú kámẹ́rà àti router (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé), ó kàn ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà tó lé ní 60 wò, irú bí «admin», tí ẹni tó ra ẹ̀rọ kò pààrọ̀; ó kó nǹkan bí 600,000 ẹ̀rọ jọ nígbà tó gbóná jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ìkọlù tí a fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe sí Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà sí àwọn ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì, mú kí Twitter àti Netflix má ṣe é wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ká sòótọ́, ìwé àkọsílẹ̀ kankan kò lè bá ẹni tó ni ẹ̀rọ pààrọ̀ «admin».

Ní ọdún 2017, Ali Dorri, Salil Kanhere àti Raja Jurdak, tí wọ́n ń ṣèwádìí ní Ọsirélíà, gbé àpẹẹrẹ ilé kan tó ń lo ìwé àjùmọ̀ní jáde. Wọ́n yọ owó kúrò nínú ìwé náà, wọ́n sì yọ ìṣirò Bitcoin tó ń jẹ iná, nítorí gílóòbù kékeré kò lágbára rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí kì í sùn ló ń pa ìwé ilé náà mọ́. Òun ló ń fún kámẹ́rà àti gílóòbù ní kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, gbogbo ìbéèrè tó wọlé tàbí tó jáde sì ń wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.